Pont Ẹ̀yìn Tó Lágbára fún Ọkọ̀ Asáré, Láìná Owó Rẹpẹtẹ

Irin kan wà lábẹ́ ọkọ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò bojú wò rí. Wọ́n wọ ọkọ̀ láti Kétu lọ sí Kútọnu, wọ́n wọ̀ ọ́ láti Ṣábẹ lọ sí Pàràkú, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n san owó, ó parí. Ṣùgbọ́n àwọn atọ́kọ̀ṣe mọ irin náà. Pont ni wọ́n ń pè é, bí àwọn Faransé ti ń pè é.

Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀yìn ọkọ̀ 504 bâchée, ẹ ó rí i. Irin gbọọrọ kan ni, tó nà láti ẹsẹ̀ ọkọ̀ ọ̀tún dé ti òsì, tí àárín rẹ̀ sì wú bí ìkòkò. Jíà wà nínú ìkòkò náà. Ẹ̀rọ tó ń fa ọkọ̀ wà níwájú. Ọ̀pá gígùn kan ló ń gbé agbára ẹ̀rọ náà bọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí agbára náà bá dé inú ìkòkò, jíà kékeré kan yóò yí jíà ńlá kan tó rí bí adé. Ìdí nìyí tí àwọn Faransé fi ń pe jíà ńlá yìí ní couronne. Àwa yóò máa pè é ní jíà adé. Láti ibẹ̀, ọ̀pá inú méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ni yóò yí ẹsẹ̀ ọkọ̀.

A fẹ́ sọ bí àwọn kan ṣe ń yọ pont tí kò lágbára kúrò lábẹ́ ọkọ̀ asáré, tí wọ́n sì ń fi èyí tó lágbára rọ́pò rẹ̀ pẹ̀lú owó díẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni a ti mú àpẹẹrẹ wa, nítorí iṣẹ́ yìí wọ́pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa náà máa ń yọ ẹ̀yà ara ọkọ̀ kan fi sí òmíràn. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ọkọ̀ nínú kíláàsì wa yóò rí i pé ọ̀rọ̀ náà kan òun.

Ìdí tí pont fi ń ṣẹ́

Ní oṣù kẹrin ọdún 1964 ni ilé iṣẹ́ Ford gbé ọkọ̀ kan jáde tí wọ́n pè ní Mustang. Ọkọ̀ tó lẹ́wà ni, owó rẹ̀ kò sì ga jù, nítorí náà àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà rọ́ lọ rà á. Pont tí Ford fi sí àwọn Mustang àkọ́kọ́ kì í ṣe irú kan ṣoṣo. Èyí tí ẹ̀rọ rẹ̀ jẹ́ onísílíńdà 6 gba pont kékeré, tí jíà adé rẹ̀ fẹ̀ ní ìǹṣì 7.25, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 18. Èyí tí ẹ̀rọ rẹ̀ jẹ́ onísílíńdà 8 gba ti ìǹṣì 8. Àwọn díẹ̀ tí ẹ̀rọ wọn le jù lọ ni wọ́n fi ti ìǹṣì 9 sí. Nígbà tí àwọn atọ́kọ̀ṣe bá dárúkọ ìǹṣì pont, fífẹ̀ jíà adé ni wọ́n ń sọ. Jíà tó fẹ̀ jù ni eyín rẹ̀ máa ń nípọn jù, tó sì lè fara da ìyà jù.

Àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ṣì wà lọ́wọ́ ènìyàn títí di òní. Kí ni ẹni tó ni ín máa ń ṣe? Ó yọ ẹ̀rọ onísílíńdà 6 kúrò, ó fi onísílíńdà 8 sí i. Ó ra táyà gbòòrò. Ọkọ̀ ń sáré, inú rẹ̀ ń dùn. Ní ọjọ́ kan, ó dúró ní oríta, ọ̀nà ṣí, ó tẹ̀ ẹ́ lójijì, ó gbọ́ “gbàù!” lẹ́yìn. Ẹ̀rọ ṣì ń pariwo, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò lọ mọ́. Pont ti fọ́.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Agbára tí ẹ̀rọ fi ń yí kì í dé ẹsẹ̀ ọkọ̀ bó ṣe wà. Bí jíà kìíní tí awakọ̀ fi ń gbéra bá sọ ọ́ di ìlọ́po 2.78, tí jíà inú pont sì tún sọ ìyẹn di ìlọ́po 3.73, ẹ fi 2.78 ṣe ìlọ́po 3.73. Ohun tí ẹ ó rí lé ní 10. Nítorí náà, agbára tí ọ̀pá inú méjèèjì jọ ń gbà ju ìlọ́po 10 lọ ti ohun tó jáde lára ẹ̀rọ. Táyà tóóró àtijọ́ a máa yọ̀ lórí ilẹ̀ nígbà tí agbára bá pọ̀ jù. Yíyọ̀ yẹn ló ń gba pont là. Táyà gbòòrò kì í yọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ra táyà tó dára ni pont rẹ̀ máa ń ṣẹ́.

Pont ọkọ̀ Explorer

Láti ọdún 1957 títí di 1986 ni Ford fi ń lo pont oníǹṣì 9. Alágbára ni, gbogbo ènìyàn sì mọ̀ ọ́n. Nítorí pé gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n, gbogbo ènìyàn ń wá a, owó rẹ̀ sì ti lọ sókè. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ní láti wo ibòmíràn.

Ibòmíràn náà ni abẹ́ Explorer. Explorer jẹ́ ọkọ̀ gíga tí Ford gbé jáde fún ọdún 1991, tí àwọn onídìílé fi ń kó ọmọ àti ẹrù. Wọ́n tà á púpọ̀púpọ̀ ní Amẹ́ríkà, nítorí náà ó pọ̀ ní àwọn ọgbà tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ tó ti kú tà. Pont rẹ̀ jẹ́ oníǹṣì 8.8, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 22. Ọkọ̀ tó wúwo ni wọ́n ṣe é fún, wọn kò fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe é.

Ẹ wo orí ọ̀pá inú rẹ̀. Ní ibi tí ọ̀pá ti wọ inú jíà, wọ́n gbẹ́ eyín sí i lára yíká. Ti pont oníǹṣì 8 àtijọ́ jẹ́ eyín 28; ti Explorer jẹ́ 31. Eyín rẹ̀ pọ̀ jù nítorí pé ọ̀pá náà ki jù. Ti àkọ́kọ́ tó bíi mìlímítà 30, ti Explorer tó bíi 33. Ẹ lè sọ pé mìlímítà 3 kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ń lọ́ irin bí ẹni ń fún aṣọ, kíki rẹ̀ ń ṣe ju bí a ti rò lọ. Ẹ fi 30 pín 33, ẹ ó rí 1.1. Ẹ wá ṣe 1.1 × 1.1 × 1.1, ẹ ó rí 1.33. Ọ̀pá tó fi ìdá kan nínú mẹ́wàá ki jù ti fi ìdá kan nínú mẹ́ta lágbára jù, bí irin méjèèjì bá jẹ́ irú kan náà.

Oríire mìíràn tún wà. Nọ́ọ̀tì 5 ló di ẹsẹ̀ Explorer mú, àyíká tí nọ́ọ̀tì náà tò sí sì fẹ̀ ní mìlímítà 114.3, gẹ́gẹ́ bíi ti Mustang onísílíńdà 8. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ àtijọ́ lè wọ̀ ọ́. Ẹni tí Mustang rẹ̀ jẹ́ onísílíńdà 6 ni kò ríre tó bẹ́ẹ̀, nítorí nọ́ọ̀tì 4 ni tirẹ̀. Bí kò bá pààrọ̀ iwájú pẹ̀lú, yóò máa gbé táyà ìpamọ́ méjì kiri, ọ̀kan fún iwájú, ọ̀kan fún ẹ̀yìn.

Àwọn tó gbọ́n máa ń wá Explorer ti ọdún 1995 sí 2001, nítorí láti 1995 ni ìjánu ẹ̀yìn rẹ̀ ti di aláwo, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní disque. Ti ìṣáájú jẹ́ onílù. Láti 2002, Explorer onílẹ̀kùn mẹ́rin kò ní irú pont gbọọrọ yìí mọ́. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan ń gòkè sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá sanwó lórí rẹ̀ láìbẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ ti fi owó ṣòfò.

Nọ́ńbà lára irin

Apá yìí ni mo fẹ́ràn jù, bóyá nítorí pé iṣẹ́ ìwé kíkà ni mò ń ṣe. Ìkòkò pont náà ní ìdérí lẹ́yìn, bóòtù ló di ìdérí náà mú. Lábẹ́ ọ̀kan nínú àwọn bóòtù náà, pátákó irin kékeré kan wà, tí kò ju ìka ọwọ́ lọ. Ẹrẹ̀ àti òróró sábà máa ń bò ó. Ẹ fi àkísà nù ún, ẹ ó rí àwọn nọ́ńbà lára rẹ̀. Bí ẹ bá kà á pé 3L73, 3.73 ni jíà pont náà: ọ̀pá gígùn yóò yí nígbà 3.73 kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó yí lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́tà L tó wà láàárín sọ pé pont náà ní ohun tí Ford ń pè ní Traction-Lok. Bí L kò bá sí láàárín nọ́ńbà náà, kò ní in.

Kí ni Traction-Lok yìí ń ṣe? Ẹ rántí ọkọ̀ tó rì sínú ẹrẹ̀ lẹ́yìn òjò. Ẹsẹ̀ kan ń yí fìrìfìrì nínú ẹrẹ̀, èkejì tó wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ kò mira. Bí pont lásán ti ń ṣe nìyẹn: ibi tó rọrùn ni agbára ń gbà lọ. Traction-Lok ní àwọn àwo irin pẹlẹbẹ tó ń fún ara wọn pọ̀, tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ kan máa sáré fi èkejì sílẹ̀. Fún ọkọ̀ asáré, nǹkan ńlá ni.

Nísinsìnyí, ẹ wò ó. Pont méjì wà nílẹ̀ nínú ọgbà kan náà. Ìpẹtà kan náà ló bò wọ́n, ẹni tó ń tà wọ́n sì lè dá iye owó kan náà lé wọn. Ọ̀kan ní L, èkejì kò ní. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kà ni yóò gbé èyí tó dára lọ.

Bí pátákó náà bá ti sọnù, ẹ má sọ̀rètí nù. Ẹ gbé ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀. Ẹ fi ẹfun sàmì sí ẹsẹ̀ ọkọ̀, ẹ tún fi sàmì sí ibi tí ọ̀pá gígùn ti so mọ́ pont. Kí ẹnì kejì bá yín yí ẹsẹ̀ kejì, kí ẹ jọ yí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan péré, kí ẹ sì ka iye ìgbà tí àmì ọ̀pá gígùn yí. Bó bá yí lẹ́ẹ̀mẹta àti bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, 3.73 ni. Bó bá yí lẹ́ẹ̀mẹta àti díẹ̀ ju ààbọ̀ lọ, 3.55 ni. Bó bá yí lẹ́ẹ̀mẹrin àti díẹ̀, 4.10 ni. Bí ẹ bá ṣí ìdérí, ẹ lè ka eyín jíà fúnra wọn: eyín 41 lára jíà adé àti 11 lára jíà kékeré jẹ́ 3.73, nítorí 11 wọ inú 41 nígbà 3.73.

Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kan ṣoṣo yí ẹsẹ̀ kan síwájú. Bí èkejì bá yí sẹ́yìn, pont lásán ni, tàbí àwọn àwo inú Traction-Lok rẹ̀ ti jẹ tán. Ẹ tún fi èékánná wo ara ọ̀pá inú, ní ibi tó ti ń yí lórí ìbọn-ọta rẹ̀ nítòsí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Bí èékánná bá há sí kòtò níbẹ̀, ẹ má rà á.

Wíwọ̀n àti gígé

Ìkòkò pont Explorer kò sí ní àárín gan-an. Ó súnmọ́ ọ̀tún. Irin oníhò apá ọ̀tún kúrú, ti òsì gùn jù ú lọ ní bíi sẹ̀ǹtímítà 7. Gbogbo gígùn pont náà tó bíi sẹ̀ǹtímítà 151, ṣùgbọ́n ti Mustang ọdún 1965 àti 1966 jẹ́ bíi 145. Bí ẹ bá gbé e sábẹ́ Mustang bó ṣe wà, ẹsẹ̀ ọkọ̀ yóò yọ síta, táyà yóò sì máa ha ara ọkọ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá bọ́ sí kòtò.

Ọgbọ́n tí àwọn tí kò lówó dá nìyí, ó sì wú mi lórí. Wọ́n gé irin oníhò apá òsì kúrú, kó dọ́gba pẹ̀lú ti ọ̀tún. Nígbà náà ọ̀pá inú ti òsì ti gùn jù. Bí wọ́n bá gbé e lọ fún ẹni tó ń gbẹ́ irin pé kó gé e kó sì gbẹ́ eyín tuntun sí i, owó ńlá ni. Nítorí náà wọ́n padà sínú ọgbà, wọ́n yọ ọ̀pá inú kúkúrú ti ọ̀tún kúrò lára Explorer mìíràn, wọ́n fi sí òsì. Ó tán. Ìkòkò wá sí àárín, gígùn gbogbo rẹ̀ di bíi sẹ̀ǹtímítà 144, eyín 31 wà ní apá méjèèjì.

Ẹ má fi nọ́ńbà inú ìwé yìí gé irin o. Ẹ fa ọ̀pá inú méjèèjì jáde, ẹ tẹ́ wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí orí wọn dọ́gba. Ibi tí ọ̀kan fi gùn ju èkejì lọ gan-an ni ẹ ó gé kúrò lára irin oníhò. Ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ sínú ìwé, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn wọ̀n ọ́n láìsọ nọ́ńbà yín fún un. Bí nọ́ńbà méjèèjì bá bára mu, ẹ gé e.

Jíjó irin

Ibí ni ikú àti ìyè wà nínú iṣẹ́ yìí. Orí irin oníhò tí a gé tí a sì tún jó pọ̀ ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ dúró lé. Bí ojú ibi tí a jó bá já lórí ìrìn, ẹsẹ̀ ọkọ̀ yóò bá a lọ. Bí kò bá já ṣùgbọ́n tó wọ́ díẹ̀, ìbọn-ọta yóò máa gbóná, òróró yóò máa jò, a ó máa pààrọ̀ rọ́bà ìdíhò rẹ̀ lóṣooṣù láìmọ ohun tó ń ṣe é.

Kí irin náà má bàa wọ́, àwọn tó mọ iṣẹ́ náà máa ń ti ọ̀pá gígùn líle kan bọ inú gbogbo pont náà, láti orí dé orí, kí wọ́n tó jó o. Ọ̀pá yẹn ni kì í jẹ́ kí orí tuntun yà sí ẹ̀gbẹ́. Kì í ṣe gbogbo ajórin ló ní in. Bí ẹni tó ń jó irin fún yín kò bá ní in, ẹ san owó fún ẹni tó ní in. Èmi ò rò pé ibí yẹ kí ẹnikẹ́ni ti máa ṣọ́ owó ná.

Kí ẹ tó jó ohunkóhun, ẹ da òróró inú rẹ̀ nù, ẹ yọ ìbọn-ọta àti rọ́bà ìdíhò, nítorí iná yóò bà wọ́n jẹ́. Ẹ má jó o yíká lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jó díẹ̀ lókè, ẹ lọ sí ìsàlẹ̀, ẹ lọ sí ọ̀tún, ẹ lọ sí òsì, bí a ti ń di nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀. Ẹni tó bu omi sí i ti sọ irin náà di ẹlẹgẹ́. Àwọn kan tún máa ń jó irin oníhò náà pọ̀ mọ́ ìkòkò àárín, kó má bàa yí nínú rẹ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n ìkòkò náà jẹ́ irin tí wọ́n dà sínú àwòṣe, kì í ṣe irú irin kan náà. Bí a kò bá kọ́kọ́ mú un gbóná, kí a sì lo irin ìjó tí wọ́n fi nickel ṣe, yóò sán lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀.

Ibi tí irin pẹlẹbẹ tó ń gbé ọkọ̀ máa ń jókòó lé lára pont Explorer kò bá ti Mustang mu. Ẹ gé ti àtijọ́ kúrò, kí ẹ fi tuntun sí i. Ṣùgbọ́n ẹ kàn jó o díẹ̀ kó lè dúró. Ẹ kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ sílẹ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìwúwo rẹ̀, kí ẹ wo bí imú pont ti kọjú sí ọ̀pá gígùn. Bí imú náà bá ga jù tàbí tó lọ sílẹ̀ jù, ọkọ̀ yóò máa gbọ̀n bó bá ń sáré. Nígbà tó bá tọ́ ni ẹ ó jó o tán. Orí ọ̀pá gígùn Mustang kò bá imú pont Explorer mu, nítorí ti Explorer jẹ́ olójú róbótó pẹlẹbẹ. Ẹ ó ra èyí tó ń so méjèèjì pọ̀, ẹ sì lè ní láti gé ọ̀pá gígùn náà.

Ìjánu

Ọ̀pọ̀ máa ń rò pé bí pont bá ti wọlé, iṣẹ́ parí. Ṣùgbọ́n a ti gbé ìjánu aláwo tó wá láti ara ọkọ̀ wíwúwo sí ẹ̀yìn ọkọ̀ fífúyẹ́. Nígbà tí awakọ̀ bá tẹ ìjánu lójijì, ìwúwo ọkọ̀ máa ń fò síwájú, ẹ̀yìn a sì fúyẹ́. Bí ìjánu ẹ̀yìn bá le ju ti iwájú lọ, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yóò dì kó tó kan ti iwájú, ìdí ọkọ̀ yóò sì yí síwájú. Lórí ọ̀nà tó tutù, kò sí awakọ̀ tó lè mú un. Nítorí náà a ní láti fi irin kékeré kan sí ojú ọ̀nà omi ìjánu tó lọ sẹ́yìn, tí a fi ń dín agbára rẹ̀ kù.

Mustang ti ọdún 1964 sí 1966 tún ní àléébù kan: orísun omi ìjánu rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan fún iwájú àti ẹ̀yìn. Bí páìpù kan bá jò, gbogbo ìjánu ti lọ. Láti 1967 ni wọ́n ti pín in sí méjì. Ẹni tó ń fi pont tuntun sí èyí tó ṣáájú ọdún náà, kó fi owó tí ọgbọ́n Explorer dá sílẹ̀ fún un ra onípín méjì.

Àléébù pont náà fúnra rẹ̀

Kò yẹ kí n yìn ín jù. Nínú pont oníǹṣì 9 àti 8, ìtòsí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni a ti di ọ̀pá inú mú. Nínú 8.8, irin kékeré kan tó rí bíi lẹ́tà C ló dì í mú, nínú ìkòkò níbẹ̀. Bí ọ̀pá náà bá ṣẹ́, kò sí ohun tó di èyí tó kù mú mọ́, ó sì lè yọ́ jáde pẹ̀lú ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ìjánu aláwo a máa dá a dúró díẹ̀, nítorí ó gbá àwo náà mú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí a fi ọkàn tán. Fún ẹni tó ń wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, tó sì ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ ní ọjọ́ ìsinmi, mo rò pé 8.8 tó. Ẹni tó ń fi ẹ̀rọ tó le gidigidi sáré ìdíje, kó fi sùúrù tọ́jú owó fún oníǹṣì 9.

Ọkọ̀ tí pont rẹ̀ ti yí padà láti 3.00 sí 3.73 yóò gbéra kíákíá, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ rẹ̀ yóò máa yí jù ti àtijọ́ lọ lórí ìrìn kan náà, yóò sì mu epo jù. Aago tó ń sọ ìyára pẹ̀lú yóò máa purọ́, nítorí ara àpótí jíà iwájú ló ti ń ka tirẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń sá kìlómítà 80 ní wákàtí kan, aago náà yóò sọ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100, títí ẹ ó fi pààrọ̀ jíà oníke kékeré tó ń yí i.

Ẹ da òróró tuntun sínú ìkòkò náà kí ọkọ̀ tó jáde. Bó bá ní Traction-Lok, ẹ fi òróró àdàpọ̀ tó wà fún un kún un. Láìsí i, ẹ̀yìn ọkọ̀ yóò máa kígbe, yóò sì máa fò ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá yà sí kọ̀rọ̀. Lẹ́yìn kìlómítà 20 àkọ́kọ́, ẹ dúró. Ẹ rọra fi ẹ̀yìn ọwọ́ súnmọ́ orí pont ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹ má fọwọ́ kan àwo ìjánu. Kí ìgbóná ọ̀tún àti ti òsì bára mu. Bí òsì, níbi tí ẹ ti jó irin, bá gbóná ju ọ̀tún lọ dáadáa, ẹ má wà á padà sílé; ẹ pe ẹni tí yóò fà á.